Nígbà tí kókó inú ọpọlọ tún wú lẹ́yìn ìtànṣán

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, gèlè kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Aránṣọ ni, ó ti ń wé gèlè fún ìyàwó àti ìyá ìyàwó láti ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ níwájú dígí, mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún ń ká aṣọ náà bí ó ti yẹ, tí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tí ó yẹ kí ó tẹ ìṣẹ́po mọ́lẹ̀ sì ń yọ̀ kúrò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní aṣọ náà ni ó le jù. Aṣọ náà kò le rárá. Ìborùn ni ó dà borí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì kò sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa.

Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni pé oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti fi ìtànṣán sun kókó méjì nínú ọpọlọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó ṣe é ní 2019, irú èyí tí wọ́n ń pè ní HER2, tí ó máa ń yára dàgbà, tí ó sì máa ń fẹ́ ṣí lọ sí orí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú náà, wọ́n fún un ní oògùn, a ṣe ìdúpẹ́, àfi bí orí fífọ́ àràárọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń bi wá bóyá jẹjẹrẹ ọpọlọ ni. Rárá o. Jẹjẹrẹ ọmú tí ó lọ ṣe àtìpó nínú ọpọlọ ni. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá kó lọ sí Kánò, ọmọ Ìjẹ̀bú ni a ṣì ń pè é, oògùn tí ó mọ̀ ọ́n láti ilé ni a ó sì máa wá fún un. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ti ọmú, ti kíndìnrín, ti ìfun ńlá, àti melanoma tí í máa ń bẹ̀rẹ̀ láti awọ ara, ni ó sábà máa ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ìtànṣán tí wọ́n fún un nígbà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tàn sí gbogbo orí. Lars Leksell, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan ní ìlú Stockholm ní Sweden, ni ó gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1951, pé kí a má la orí, kí a kó ìtànṣán tín-ín-rín púpọ̀ wá láti ọ̀nà púpọ̀, kí gbogbo wọn sì pàdé ní ojú kan ṣoṣo. Ìlú Sheffield ní England, tí kò jìnnà sí ibi tí à ń gbé, ti ní irú ẹ̀rọ yìí láti 1985. Oríṣi kan tí ó wà lóde báyìí ń kó ìtànṣán rẹ̀ wá láti orísun 192 tí wọ́n fi cobalt ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìtànṣán náà ń gba inú ọpọlọ kọjá láì fi bẹ́ẹ̀ pa á lára, ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni iná ti ń jó. Wọ́n de férémù irin mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí ní ojú mẹ́rin, ó lọ lówùúrọ̀, ó darí wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó bèèrè ohun tí ó wà nílẹ̀ láti jẹ. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kókó méjèèjì ti sún kì. Mo rò pé a ti kúrò níbẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé bí kókó bá ṣe ń tóbi sí i ni ìwọ̀n ìtànṣán tí wọ́n lè fún un ṣe ń dín kù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000, lórí àwọn tí wọ́n ti tan ìtànṣán sí orí wọn tẹ́lẹ̀, ni ó fi òté lélẹ̀: Gray 24 (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) fún kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, 18 fún èyí tí ó ju 2 lọ títí dé 3, 15 fún èyí tí ó ju 3 lọ títí dé 4. Bí wọ́n bá kọjá ìyẹn, ọpọlọ tí ó yí kókó ká ni yóò jìyà. Nítorí náà, kókó ńlá tí ó yẹ kí a nà jù lọ ni a ń na ní pàṣán tí ó kéré jù. Èyí tí ó kéré nínú méjèèjì tí ẹ̀gbọ́n mi ní kò tún gbérí mọ́. Èyí tí ó tóbi, tí ó jókòó sí apá ọ̀tún lẹ́bàá ibi tí ọpọlọ ti ń darí ọwọ́ òsì, ni ó padà wá bá wa.

A kò gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà kankan. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni èsì àwòrán náà wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ: kókó tí ó ti sún kì dé mìlímítà 14 ti di 29, wíwú tí ó yí i ká sì ti pọ̀ gan-an. Kò sí nọ́ńbà tí a lè pè títí di ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ó bá ń ṣe ètò irú nǹkan báwọ̀nyí yẹ kí ó gbìyànjú rẹ̀ wò lórí ìyá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Màámi pè láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í gba àlàyé tí kò dán mọ́rán.

“Ṣé wọn kò sun ún tán lọ́jọ́sí ni?”

“Wọ́n sun ún, Màámi.”

“Ó kéré sí i tàbí kò kéré?”

“Ó kéré, mà.”

“Kí ni ó wá ń dàgbà báyìí?”

N kò rí èsì fọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó gbà kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn dókítà ń bi ara wọn, àti pé ẹni tí kò bá tíì dáhùn rẹ̀ kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Nǹkan méjì ni ó lè wú ní ojú ibi tí ìtànṣán ti jó. Èkíní ni jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, èyí tí kò kú tán, tí ó ń hù padà bí koríko tí a sun láì hú gbòǹgbò. Èkejì ni ẹran ọpọlọ tí ìtànṣán ti pa. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú, kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí wọ́n máa jò, kí omi máa rọ́ sí ara ọpọlọ, kí ẹran tí kò rí ẹ̀jẹ̀ mu sì kú. Lórí MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi òòfà ńlá yà, àwọn méjèèjì máa ń tàn funfun ní etí, dúdú ní àárín, wọ́n sì ń dàgbà láti àwòrán kan sí èkejì. Wọ́n ń ti ọpọlọ bákan náà, wọ́n ń fa gìrì bákan náà. Oògùn dexamethasone ń mú kí àwọn méjèèjì rọlẹ̀, nítorí wíwú ni ó ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn kò papọ̀: ẹni tí ó bá ní òkú ẹran lásán, tí wọ́n tún fi ìtànṣán mìíràn sun ún, wọ́n ti da epo síná.

Wọ́n ya àwòrán tí ó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀ hàn, nítorí jẹjẹrẹ tí ó wà láàyè máa ń fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, òkú ẹran kì í sì í fà á. Èsì rẹ̀ ni pé apá kan fà á, apá kan kò fà á. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ní ẹ̀rọ PET (ẹ̀rọ tí ń fi ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń jẹun hàn) tí ó ń lo èròjà amino acid, èyí tí ó máa ń sọ òdodo ju èyí tí ń lo ṣúgà lọ, nítorí ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í yé jẹ ṣúgà, gbogbo rẹ̀ á sì máa tàn yanran. Wọn kò ní irú rẹ̀ níbi tí à ń lọ.

Ní àkókò yìí dexamethasone ti dá ọwọ́ rẹ̀ padà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni àtàǹpàkò náà tún ń di nǹkan mú, inú wa dùn bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà ni oògùn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí rẹ̀. Kò sùn mọ́. Aago méjì òru ni n óò gbọ́ tí ó ń ro ẹ̀bà ní kíṣíìnì. Ojú rẹ̀ kún, itan rẹ̀ rọ débi pé ó ń fi ọwọ́ ti àga kí ó tó lè dìde, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sì ti dín in kù, ọwọ́ òsì á tún rọ. Ẹni tí kò bá lè kúrò lórí dexamethasone ti wà nínú gbèsè, owó èlé sì ń gorí i rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo rò pé ìyẹn ni ó tì wá sí iṣẹ́ abẹ ju àwòrán èyíkéyìí lọ.

Àwọn dókítà tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ti ìtànṣán, ti oògùn, ti àwòrán, ti iṣẹ́ abẹ, jókòó lórí rẹ̀ ní ọjọ́rú kan, nọ́ọ̀sì tí ó ń mójú tó ẹ̀gbọ́n mi sì ka ohun tí wọ́n sọ fún wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni nọ́ọ̀sì náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó dáadáa, ó máa gùn díẹ̀.” Ìtànṣán lẹ́ẹ̀kejì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ewu òkú ẹran yóò pọ̀ sí i. Bevacizumab ṣeé ṣe, oògùn tí í máa ń dí ojú ibi tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń jò. Ó dára fún òkú ẹran, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jiná, ẹni tí ó bá sì ti gbà á gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 28, ó kéré tán, kí abẹ tó kàn án. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ abẹ bá ṣeé ṣe kí ó kàn ní láti rò ó dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ibìkan ń lo lésà: wọ́n á lu ihò kékeré sí agbárí, wọ́n á ti ọ̀pá tín-ín-rín kan wọ àárín kókó náà, wọ́n á máa fi ooru rẹ̀ sè é bí MRI ti ń wò ó. Èyí wúlò fún kókó tí ó wà ní ibi jíjìn tí ọwọ́ kò lè dé, ṣùgbọ́n kókó tí ó ti tóbi tó tirẹ̀, tí ó sì ti ń ti ọpọlọ, lè kọ́kọ́ wú sí i lẹ́yìn sísè náà. Ó wá ku iṣẹ́ abẹ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kókó rẹ̀ bá dàgbà ni iṣẹ́ abẹ tọ́ sí, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà sí mi fara balẹ̀ kà. Oníṣẹ́ abẹ wa, obìnrin kan tí ó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, sọ ohun tí ó ń wò kí ó tó gbà. Ṣé kókó kan náà ni ó ń fa gbogbo wàhálà? Bí mẹ́fà bá wà, tí gbogbo wọn sì ń dàgbà, yíyọ ọ̀kan kò tún ilé ṣe. Ṣé ọwọ́ lè dé ibẹ̀ láì ba ohun tí ó ṣe pàtàkì jẹ́? Ṣé jẹjẹrẹ tí ó wà nínú ara yòókù wà lábẹ́ ìjánu? Ṣé oògùn kan ṣì kù tí aláìsàn lè lò lẹ́yìn náà? Ó sì ń wo agbára ẹni náà pẹ̀lú òṣùwọ̀n Karnofsky, tí í máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 100 sọ̀ kalẹ̀: ẹni tí ó bá wà ní 70 ń tọ́jú ara rẹ̀, ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́. Láti 70 sókè ni ọkàn wọ́n sábà máa ń balẹ̀ láti gbé ènìyàn lọ sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 80, ó sì bínú sí 80 náà.

Mo bi í pé bí ó bá jẹ́ òkú ẹran lásán ni wọ́n bá níbẹ̀ ńkọ́, ṣé a ti la orí rẹ̀ lásán nìyẹn? Ó ní rárá. Yálà òkú ni tàbí alààyè, nǹkan tí ó ń ti ọpọlọ ni, bí ó bá ti kúrò, wíwú yóò lọ, dexamethasone yóò lọ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ kan nípa àwòrán tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, Roy Patchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, lórí àwọn tí àwòrán fi hàn pé wọ́n ní kókó kan ṣoṣo nínú ọpọlọ. Wọ́n pín wọn sí méjì: àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán gbogbo orí, àwọn yòókù gba ìtànṣán nìkan. Àwọn 48 ni wọ́n kà sí èsì. Ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lo ju ọ̀sẹ̀ 40 lọ láyé, ti àwọn yòókù jẹ́ 15. Gbogbo ayé ni ó mọ apá yẹn. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé 54 ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, àti pé nígbà tí wọ́n gé ẹran wò, 6 nínú wọn kò ní jẹjẹrẹ tí ó ti ibòmíràn wá. Nǹkan mìíràn ni ó ń ṣe wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn kò tíì gba ìtànṣán rí, wọ́n kò rí bí ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán ìgbà náà kò sì mọ́lẹ̀ tó ti ìsinsìnyí. Síbẹ̀, bí àwòrán bá lè ṣi ènìyàn lọ́nà lórí ọpọlọ tí iná kò kàn rí, mélòó mélòó ni èyí tí ó ti jó.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màámi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ni ó dé sí Ìbàdàn ní 1962, ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka náà. Ó kú ní 1974 kí ó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Màámi ní nígbà tí àwọn wà ní akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá ń gbé aláìsàn kọjá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ orí, àwọn á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ rẹ̀. Wọ́n ní, “Kì í ṣe nǹkan àná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.” Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí àwọn tí ń kà mí láti ilé, tí wọ́n gbà pé òkè òkun nìkan ni a ti í la orí. Iṣẹ́ abẹ náà ti pé ọgọ́ta ọdún ní Ìbàdàn. Owó MRI, àti ìtànṣán tí a ó fi tẹ̀lé e, ni ó máa ń di ìṣòro níbẹ̀ ju ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ lọ.

Wọ́n ṣe é ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, oníṣẹ́ abẹ náà wá sọ àwọn ewu rẹ̀ fún wa: ẹ̀jẹ̀ lè dà sí ojú iṣẹ́, gìrì lè mú un, ọwọ́ lè rọ fún ìgbà díẹ̀ tàbí kí ó rọ títí. Awọ orí tí ìtànṣán ti kàn, tí dexamethasone sì ti rẹ̀, lè lọ́ra láti jiná, kòkòrò sì lè ráyè wọ ibẹ̀. Ó ní inú ọpọlọ tí ìtànṣán ti jó kì í rọ̀ bí ti ẹni tí iná kò kàn; ẹran ibẹ̀ máa ń le, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í sì í sí ààlà gedegbe tí ènìyàn lè fi abẹ tọ̀. Kókó tí a kò fọwọ́ kàn rí, ó ní, máa ń yọ bí kóró inú àgbálùmọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di àgbálùmọ̀. Èso mìíràn ni obìnrin náà dá.

Nítorí pé ibi tí ń darí ọwọ́ kò jìnnà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ara iṣan ọwọ́ òsì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti apá títí dé ìdí àtàǹpàkò, kí wọ́n lè máa fi iná mànàmáná tí kò lágbára kan ọpọlọ, kí wọ́n sì máa wo bóyá ọwọ́ ń dáhùn bí wọ́n ti ń gé lọ. Bí ìdáhùn náà bá rẹlẹ̀, wọ́n á dúró. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n tó kùn ún lóorun, ó ní, “Abẹ́rẹ́ náà ni yóò sì gbà mí.” Wọ́n fá irun rẹ̀ ní ìlà kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Wọ́n ṣí fèrèsé kékeré sí ara egungun agbárí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí ó so mọ́ àwòrán rẹ̀ mọ ibi tí ọwọ́ wọ́n dé, wọ́n yọ kókó náà, wọ́n dá egungun padà, wọ́n sì fi pátákó titanium kéékèèké dè é. Wákàtí márùn-ún àti díẹ̀. Mo ka àkọlé kan náà lára ògiri yàrá ìdúró náà títí mo fi kórìíra fọ́ńtì rẹ̀.

Nígbà tí ó jí, ọwọ́ òsì kò gbéra. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa, wọ́n ní bí ẹ̀rọ bá ṣì ń gbọ́ ìdáhùn ní ìparí iṣẹ́, ọwọ́ yóò padà wá, ẹ̀rọ sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí a kìlọ̀ fún ènìyàn kò dà bí kí ó rí i. Ní ọjọ́ kẹta ni ìka ìlábẹ̀ mì. Ní ọjọ́ karùn-ún ó ní kí n gbé dígí wá, ó yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yẹ ojú rírán náà wò láti òkè dé ilẹ̀ pẹ̀lú ojú tí ó fi máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wò, ó ní, “Ẹni tí ó rán èyí mọ̀ ọ́n rán, ṣùgbọ́n kò wọn ìdí rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.” Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ náà wọlé, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé ìparí rẹ̀ kò tọ́ díẹ̀ lóòótọ́.

Ìbéèrè Màámi rí èsì rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, láti inú yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ awò wo ẹran. Apá tí ó pọ̀ jù nínú kókó náà jẹ́ òkú ẹran. Ṣùgbọ́n ní etí rẹ̀, ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lórí àwòrán, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wà níbẹ̀ tí ó wà láàyè dáadáa. Òkú àti alààyè ń gbé inú ilé kan náà. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń sọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún rí i pé àmì HER2 ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì họ́mónù tí ó wà lára èyí tí wọ́n yọ ní ọmú ní 2019 ti pòórá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí àtìpó bá pẹ́ lẹ́yìn odi. Ìṣe rẹ̀ á yí. Bí wọ́n kò bá fọwọ́ kan ẹran náà, wọn ì bá ṣì máa fún un ní oògùn họ́mónù fún jẹjẹrẹ tí kò ka họ́mónù sí mọ́.

Oògùn rẹ̀ yí padà lórí èyí. Ó bọ́ sórí tucatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020, tí ó máa ń ṣiṣẹ́ lórí HER2 nínú ọpọlọ pàápàá, wọ́n sì fi oògùn méjì mìíràn, capecitabine àti trastuzumab, kún un. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó kọ́kọ́ bá a jà. Capecitabine ní tirẹ̀ ń jẹ àtẹ́lẹwọ́, ó ń mú kí ó pọ́n kí ó sì máa bó, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí ń di síṣọ́ọ̀sì mú láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó fi aṣọ àǹkárá rírọ̀ wé ìdí síṣọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń fi òrí pa ọwọ́, wọ́n sì dín ìwọ̀n oògùn náà kù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á bí ìtàn ìwòsàn. Iṣẹ́ abẹ kò pa àrùn náà run. Ó mú nǹkan kan tí ó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì sọ orúkọ nǹkan náà fún wa. Ojú ihò tí wọ́n ti yọ ọ́ lè tún hù. Fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sábà máa ń fi ìtànṣán sun ojú ihò náà. Ní ilé ìwòsàn kan ní Houston, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, kókó kò padà sí ojú ihò náà lára ìpín 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n sun tiwọn, bẹ́ẹ̀ ìpín 43 ni ti àwọn tí wọn kò sun. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti gba tirẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì wò ó pé kí wọ́n má tún sun ún, kí oògùn máa ṣọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ti fọwọ́ sí pátákó kéékèèké kan láti 2018, tí wọ́n fi cesium-131 sí inú rẹ̀, tí wọ́n máa ń tẹ́ sí ara ihò náà kí wọ́n tó pa orí dé, kí ìtànṣán rẹ̀ máa jó láti inú wá. Wọn kò fi lọ̀ wá. Mo béèrè, wọ́n ṣàlàyé, mo gbà.

Obìnrin tí ó wà ní ibùsùn kejì sí tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù náà ní kókó tirẹ̀ ní ẹ̀yìn orí, nísàlẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ dáadáa, ó ń rìn kí ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àrùn náà ti tàn sí inú omi tí ó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, ewu kan tí ó pọ̀ sí i fún àwọn tí kókó wọ́n bá wà ní apá ibẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ní láti gé e wẹ́wẹ́ kí ó tó jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ó ti di oṣù 16 báyìí tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀gbọ́n mi. Dexamethasone ti tán nílẹ̀ láti oṣù Kejì ọdún 2023. Àtàǹpàkò òsì ń di gèlè mú, ṣùgbọ́n kì í mọ̀ bí aṣọ náà ṣe nípọn tó mọ́ àfi tí ó bá wò ó, nítorí náà ó ń yan sẹ́gọ̀ fún ara rẹ̀ nísinsìnyí, tí ó máa ń dúró síbi tí a bá fi sí. Ó fi ìdí gèlè bo ojú àpá náà, ó ní kì í ṣe ìtìjú, òtútù ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ya àwòrán. Èyí tí ó kàn bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, ó sì ti pè wọ́n láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé aṣọ ẹbí ènìyàn méjìlélógún wà lórí tábìlì rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni ìgbéyàwó náà.